Ẹ̀rọ Tí A Fi Ń Ṣọ́ Olè

Ẹni tó bá ti ń ka ìwé ìròyìn wa yìí láti ọjọ́ pípẹ́ yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwe, oríkì, ìgbéyàwó àti ọdún ìbílẹ̀ ni a sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kí ó wá ṣí ojú-ìwé yìí kọjá. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa la jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni ará yòókù.

Àwa mẹ́fà ni à ń gbé inú ilé kan ní Felele, nínú ìlú Lọ́kọ́ja níbí. Ọmọ Kàbà wà nínú wa, ọmọ Ìsánlú wà níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìlọrin náà kò gbẹ́yìn. Lóṣooṣù ni a máa ń dá owó jọ láti san owó íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí òrùlé wa. Owó náà kì í ṣe kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹlòmíràn nínú wa a máa mu gààrí lálẹ́ kí owó tirẹ̀ tó lè pé. Síbẹ̀, a fara mọ́ ọn, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń san owó ilé-ìwé, ibẹ̀ ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni a ti ń wo èsì ìdánwò.

Lóru ọjọ́ kan, olè fo ògiri wọlé. Ó gbé sílíńdà gáàsì wa lọ, ó sì mú fóònù méjì mọ́ ọn. Inú bí wa gidigidi. A tún dá owó jọ, a ra kámẹ́rà kékeré kan lọ́jà, bọ̀dá kan tó mọ iṣẹ́ náà sì bá wa kàn án mọ́ ẹnu géètì. Ó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa, ó sì ṣe é lọ́nà tí a fi lè máa wo ẹnu géètì lórí fóònù láti ibikíbi tí a bá wà. Kí ó tó lọ, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà o. Èyí tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì wà lórí rẹ̀." Pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún ni 123456. A ní a ti gbọ́. Lẹ́yìn tó lọ tán, ọ̀kan nínú wa bèèrè pé ta ni yóò wá láti òkè òkun láti wá wo géètì akẹ́kọ̀ọ́ ní Felele. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹni mẹ́fà ni wá, a ní èyí tó rọrùn láti rántí ló yẹ wá. Bí a ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn náà tí íntánẹ́ẹ̀tì wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Dátà tó yẹ kó gbé wa dé òpin oṣù kò lè lo ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wa. Ọ̀kan wà nínú wa tó fẹ́ràn fíìmù púpọ̀, òun ni a dójú sọ. A ní òun ló ń wo fíìmù mọ́jú tó ń jẹ dátà wa tán. Ó búra, a kò gbà. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún wa pé ká yẹ̀ ẹ́ wò, a ní ó ti pa àmì rẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá wa jẹun nínú ìkòkò kan náà mọ́. Ó ra sítóòfù tirẹ̀, ó ń dá oúnjẹ sè ní kọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé wa. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ló ń fi òwò epo pupa rán an níwèé. Ó fẹ́ tọrọ owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ kan tó lè gbé e dé ọdún àṣekágbá. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ku ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ń retí láti ilé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí ni ìwé náà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, bó ṣe jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wa kú fin-ín. A bọ́ sí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, òun náà ń yí bírí lójú kan. A gun orí tánkì omi, a ń na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ òjò. Ojú-ìwé náà ṣí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí náà kò wọlé. Nígbà tí agogo méjìlá lù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní ká lọ sùn. Àwa ni a kò rí oorun sùn.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, a kó ara wa jọ, ó di ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa. Ìjà ni a bá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ jẹ́ ká pariwo tán, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àwa la ti íntánẹ́ẹ̀tì yín pa. Láti ilé yín ni ogun ti ń jáde lọ bá àwọn ẹlòmíràn." A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ kan nínú ilé wa ń kan ilẹ̀kùn àwọn ilé-iṣẹ́ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Ó ní àwọn ti fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí nọ́ńbà tí a fún àwọn. A wo nọ́ńbà náà: ti ẹ̀gbọ́n kan tó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì ti kúrò ní Lọ́kọ́ja ni. Ó bèèrè irú ẹ̀rọ tó wà nílé wa. A kà wọ́n fún un títí a fi dé orí kámẹ́rà. Ó mi orí. Ó ní: "Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ń kọ́?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Àlàyé tó ṣe fún wa nìyí. Àwọn ẹ̀rọ kan wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn lọ. Wọn kò mọ Felele, wọn kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Wọn a kàn máa lọ láti nọ́ńbà kan sí èkejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a máa dán àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi sórí ẹ̀rọ wò. Èyí tó bá ṣí, wọ́n ti gbà á nìyẹn. Kámẹ́rà náà yóò ṣì máa fi ẹnu géètì hàn yín bó ti yẹ, ẹ kò ní mọ̀ pé ó ti ní ọ̀gá mìíràn. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá pàṣẹ, kámẹ́rà yín àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ yóò jùmọ̀ rọ́ lu ibì kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá lọ dúró dí ẹnu ọ̀nà báǹkì kan, tí wọn kò fẹ́ gba owó, tí wọn kò fẹ́ fi owó pamọ́, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ní iṣẹ́ gidi kò ráyè wọlé. Wọn kò jí kọ́bọ̀, síbẹ̀ ọjà ti dàrú. Ìgbà náà ni òye yé wa. Ẹ̀rọ tí a rà láti fi ṣọ́ olè, òun gan-an ni olè gbà wọlé. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri wa lanu, àwa la sì la ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a délé, a kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí a fẹ̀sùn dátà kàn. A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin wa kúnlẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún bá wa jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ kan náà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí a rí kò sì kéré. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Paras Jha, Josiah White àti Dalton Norman, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Mirai. Irú kámẹ́rà bíi tiwa ni ó ń wá kiri, nǹkan bí 60 pásíwọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ ni ó sì fi ń ṣílẹ̀kùn wọn. Jha jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ní Yunifásítì Rutgers. Kí ó tó di ìgbà Mirai rárá ni ó ti ń kọ lu íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé ara rẹ̀, láti ọdún 2014, tó sì ń mú un ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2017, kò sì sí ẹni tó ju ọmọ ọdún 21 lọ nínú wọn. Ní ọdún 2018, adájọ́ ní kí Jha san mílíọ̀nù 8.6 owó dọ́là fún ìbàjẹ́ tó ṣe sí ilé-ìwé náà, kí ó sì fi oṣù mẹ́fà ṣe ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ju ètò náà sí gbangba kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè mú un lò. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daniel Kaye mú un. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní Làìbéríà ló ń sanwó fún un kí ó lè ba ti Lonestar MTN, tí wọ́n jọ ń díje, jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó fi ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà kọ lu Lonestar. Wáyà abẹ́ òkun kan ṣoṣo ni Làìbéríà ní nígbà náà. Àwọn agbófinró ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ilé-ẹjọ́ pé àkọlù náà le débi tí àwọn fi gbà pé ó ba íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù kan náà, ètò rẹ̀ ba ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom jẹ́ ní Jámánì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n rán Kaye lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 32. Ẹ rò ó wò. Orílẹ̀-èdè kan nínú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, ogun jà á, àwọn ọmọ ogun náà sì jẹ́ kámẹ́rà tí àwọn olówó wọn kò yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Àwọn olówó wọn lè máa sùn nígbà náà. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bíi tiwa.

Kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ń ba ọ̀nà jẹ́ o. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne ní Èkó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣe àṣìṣe nínú ohun tó ń sọ ọ̀nà tí ìsọfúnni yóò gbà fún àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù. Fún ìṣẹ́jú 74, ìsọfúnni tó ń lọ sọ́dọ̀ Google láti apá kan ayé ṣìnà gba China àti Rọ́ṣíà. Àwọn kan pariwo pé ogun ni, kò sì sí ogun kankan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Láti Èkó títí dé Accra ni báǹkì àti fóònù ti dákú.

Àwa ará Lọ́kọ́ja kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ohun tí èyí jẹ́. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé ni à ń gbé, ibí sì ni ọ̀nà Àríwá àti ti Gúúsù ti kọjá. Ní ọdún 2022 tí omíyalé bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, a rí ọkọ̀ tó tò lọ bí ìlà èèrà. A rí tòmátì tó jẹrà nínú ọkọ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n ní Àbújá nítorí pé ọkọ̀ epo há sọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dí, gbogbo orílẹ̀-èdè sì mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Àwọn òpó tí à ń rí lórí Òkè Pátì àti wáyà tí wọ́n rì sẹ́bàá títì, ọ̀nà ọjà ni wọ́n. Ẹni tó bá dí wọn ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ti báǹkì àti ti ọmọ opó tó ń wá owó ilé-ìwé.

Ìjọba àpapọ̀ kò káwọ́ gbera. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 2015. Ó sọ pé ẹni tó bá kọ lu ohun tí ìjọba bá kéde gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìsọfúnni pàtàkì orílẹ̀-èdè lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, láìsí owó ìtanràn. Àjọ NCC dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 2021 tí yóò máa ṣọ́ àkọlù sí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó ka òpó, wáyà àti ibùdó àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Keje ọdún 2022 pé kò bófin mu. Ẹni tí a ní kó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí òun náà má sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń dí i. Ẹ̀kọ́ kámẹ́rà wa ni èyí náà.

Bí òfin sì ti lè dára tó, kò sí ọlọ́pàá tí yóò wọ Felele wá yí pásíwọ́ọ̀dù wa padà fún wa. Iṣẹ́ àwa fúnra wa nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí a kọ́ nìyí. Ẹ̀rọ tó bá wọ ilé yín, kámẹ́rà ni o, rúta ni o, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà kí ẹ tó tan án fún iṣẹ́. Ẹ lo gbólóhùn gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò, kí ó má jẹ́ òwe tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó má jẹ́ orúkọ yín àti ọdún tí wọ́n bí yín. Bí ẹ kò bá nídìí láti máa wo kámẹ́rà láti ìta, ẹ ti ọ̀nà náà pa. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ gbà á. Bí ẹ bá fura pé wọ́n ti gba ẹ̀rọ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ sì yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà kí ẹ tó dá a padà síbẹ̀. Irú Mirai kì í dúró lẹ́yìn tí iná bá kú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ṣì wà ní ṣíṣí, kì í pẹ́ tó fi ń padà wọlé. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà ẹni tó wà nílé sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín.

Ẹ̀yin tí orí yín pé nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò sanwó fún yín kí ẹ ba ọ̀nà ẹlòmíràn jẹ́, ẹ rántí ọmọ Rutgers. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí orúkọ wọn fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun kò mọ ojú wọn. Àwa mọ ojú ẹni tiwa. A jókòó tì í lórí tánkì omi lóru ọjọ́ náà.

Ó ṣì ń bá wa gbé. Ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kékeré kan kí ó lè parí ọdún náà. Nígbà tí a fẹ́ tún kámẹ́rà náà so, òun ni a ní kó yan pásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ó ronú díẹ̀, ó sì tẹ gbólóhùn Yorùbá kan tó gùn, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kà á kí ó tó mọ́ wa lórí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ má bi wá léèrè ohun tó tẹ̀ o, a kò ní sọ.

Kí Ẹlẹ́dàá má ṣe jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ire o.